Eré Inú Ẹ̀gún àti Ẹṣin 707

Àwọn àgbà ló ní ẹnìkan kì í déédéé sáré wọ inú ẹ̀gún: bí kò bá lé nǹkan, nǹkan ló ń lé e. Ọ̀nà méjì péré ni wọ́n là sílẹ̀. Bí o bá rí ọkùnrin tó ń sáré nínú igbó ẹ̀gún, tí aṣọ rẹ̀ ń ya, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀, yálà ẹran ìgbẹ́ wà níwájú rẹ̀ tàbí ejò wà lẹ́yìn rẹ̀. Láti kékeré ni mo ti gba ọ̀rọ̀ yìí gbọ́ bó ṣe wà. Ìgbà tí mo wá mọ àwọn tó ń fi ẹ̀rọ ti atẹ́gùn wọ inú ẹ́ńjìnnì mọ́tò ni mo rí i pé àwọn àgbà kò tíì rí ayé tán. Àwọn wọ̀nyí ń lé nǹkan, nǹkan sì ń lé wọn, àwọn fúnra wọn ló fi owó ra méjèèjì.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ohun tí wọ́n ń lé. Atẹ́gùn ni. N kò pòwe o. Ẹ́ńjìnnì mọ́tò kì í jó bẹntiróòlù lásán. Ó gbọ́dọ̀ pò ó mọ́ atẹ́gùn kó tó dáná sí i, atẹ́gùn tó sì ń fẹ́ pọ̀ gan-an: nǹkan bíi kílò 14.7 atẹ́gùn fún kílò bẹntiróòlù kan ṣoṣo. Bẹntiróòlù rọrùn láti fi kún un. Ẹ ra pọ́ǹpù tó tóbi, ó tán. Atẹ́gùn ló lágídí. Ìwọ̀nba tí písítìn bá lè fà nígbà tó bá ń sọ̀ kalẹ̀ nínú sílíńdà ni yóò wọlé. Ẹni tí ìwọ̀nba yẹn kò tẹ́ lọ́rùn ni yóò lọ ra supercharger, ẹ̀rọ kan tí ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ ń fi bẹ́líìtì yí, tí ń gba atẹ́gùn mú lẹ́nu ọ̀nà, tí ń fi tipátipá tì í wọlé.

Ẹwìrì alágbẹ̀dẹ ni, bí a bá bọ́ gbogbo fáàrí kúrò lára rẹ̀. Irú rẹ̀ kan tó lókìkí jù, èyí tí tẹ̀gbọ́n-tàbúrò Philander àti Francis Roots gba ìwé àṣẹ lé lórí ní 1860 ní Connersville, ìpínlẹ̀ Indiana, kò tilẹ̀ mọ mọ́tò rí, torí mọ́tò ò tíì dáyé. Iná ìléru tí wọ́n fi ń yọ́ irin ni wọ́n ń fẹ́ ẹ sí. Alágbẹ̀dẹ wa èyíkéyìí tó bá rí i yóò dá a mọ̀. Ohun tí kò ní yé e ni ìdí tí ẹni tí kò rọ ọkọ́, tí kò rọ àdá, fi ń fẹ́ná tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ má rò pé ìwà yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lápá ìparí àwọn ọdún 1920, ọlọ́lá kan wà tó ń jẹ́ Tim Birkin, tó ń fi mọ́tò Bentley díje. Bentley onílítà mẹ́rin àbọ̀ kò yára tó lójú rẹ̀. W. O. Bentley tó dá ilé iṣẹ́ náà sílẹ̀ ní bí wọ́n bá ń wá eré sí i, kí wọ́n ṣe ẹ́ńjìnnì tó tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lójú tirẹ̀, ẹni tó bá so ẹwìrì mọ́ ẹ́ńjìnnì òun ba iṣẹ́ òun jẹ́ ni. Ta ló fẹ́ gbọ́? Birkin gba ọ̀dọ̀ Amherst Villiers lọ, ìyẹn bá a ṣe ẹwìrì, wọ́n gbé e kọ́ iwájú rédíétọ̀ gbangba, níbi tí gbogbo ayé ti lè rí i. Dorothy Paget, ọmọ olówó tó fẹ́ràn ohunkóhun tó bá ń sáré, títí kan ẹṣin gidi, ló ń gbọ́ bùkátà. Agbára mọ́tò ìdíje náà fò láti nǹkan bí ẹṣin 130 lọ sí 240.

Ní oṣù kẹfà ọdún 1930, wọ́n kó méjì nínú rẹ̀ lọ sí Le Mans ní ilẹ̀ Faransé, níbi ìdíje oníwákàtí 24. Mercedes SSK tí Rudolf Caracciola ń wà wà níbẹ̀, ẹwìrì wà lára tirẹ̀ náà. Birkin gbá tọ̀ ọ́. Ó lé e débi pé rọ́bà táyà ẹ̀yìn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí dànù, síbẹ̀ kò dẹsẹ̀. Ó gba ẹ̀gbẹ́ títì, ó kọjá Mercedes náà, àwọn òǹwòran hó yèè. Kí ilẹ̀ tó mọ́, Mercedes ti kú. Àwọn Bentley ẹlẹ́wìrì méjèèjì náà kò sá a parí. Ta ló wá gba ife? Speed Six ni, Bentley tí kò ní ẹwìrì rárá, tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kàn tóbi gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá ti wí. Òun ló ṣe ipò kìíní, irú rẹ̀ mìíràn ló ṣe ipò kejì. Ní gbogbo ọjọ́ ayé Bentley ẹlẹ́wìrì, kò gba ipò kìíní nínú ìdíje ńlá kankan. Ẹ wá béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń to àwòrán mọ́tò àtijọ́ sára ògiri, èwo nínú méjèèjì ni wọ́n gbé kọ́. Èyí tó kú sọ́nà ni.

Amẹ́ríkà ni àìsàn náà ti wá gbó. Dodge gbé Challenger Hellcat jáde gẹ́gẹ́ bíi mọ́tò ọdún 2015: ẹ́ńjìnnì lítà 6.2, sílíńdà mẹ́jọ, ẹwìrì lórí rẹ̀, agbára ẹṣin 707. Kọ́kọ́rọ́ oríṣi méjì ló wà fún un. Dúdú ń fún awakọ̀ ní ẹṣin 500. Pupa ló ń tú gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. (Ẹni tó ronú kan kọ́kọ́rọ́ dúdú yẹn, ó dá mi lójú pé ó lọ́mọ ọkùnrin nílé.) Láti yí ẹwìrì náà nìkan, nǹkan bí agbára ẹṣin 80 ló ń ná ẹ́ńjìnnì, èyí tó ju odidi Volkswagen ìjàpá tó gbé àwọn bàbá wa láti Ìbàdàn dé Kánò lọ. Mọ́tò náà lè sá máìlì 199 ní wákàtí kan. Ní gbogbo Amẹ́ríkà, títì tí òfin ti fàyè gba eré jù ni State Highway 130 ní Texas, 85 ni wọ́n sì kọ sára pátákó ibẹ̀. Aláàfin ayé àtijọ́ tó ń kó ẹṣin jọ, ojú ogun ló ń dà wọ́n sí. Ẹṣin 707 yìí, búrẹ́dì ni wọ́n ń gùn ún lọ rà.

Ọmọ àbúrò bàbá mi kan wà ní Houston tó ra ọ̀kan. Ẹni tó bá rò pé 707 yóò tó o kò tíì mọ irú wọn. Kò pẹ́ tó fi yọ púlì orí ẹwìrì kúrò, tó fi èyí tó kéré sí i rọ́pò rẹ̀. Bí púlì bá ṣe kéré sí ni ẹwìrì ń yára sí, bí ẹwìrì bá sì ṣe yára sí ni atẹ́gùn ń pọ̀ sí. Irin róbótó kan tó lè wọ àpò agbádá ni. Ẹ wá wo ohun tó fà lẹ́sẹ̀. Atẹ́gùn pọ̀, bẹntiróòlù gbọ́dọ̀ pọ̀ bá a: ó ra ínjẹ́kítọ̀ tuntun. Ínjẹ́kítọ̀ ń fẹ́ mu, pọ́ǹpù inú táǹkì kò lè fún un yó: ó ra pọ́ǹpù. Ó gbọ́ pé E85, epo tí ọtí ti pọ̀ ju bẹntiróòlù lọ, máa ń tu ẹ́ńjìnnì nínú. Ó bọ́ sí E85. Àṣé díẹ̀ kì í tó E85, ó ń fẹ́ kí ínjẹ́kítọ̀ tú u jáde ju bẹntiróòlù lọ ní nǹkan bí ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún. Ínjẹ́kítọ̀ tuntun ti kéré nìyẹn; ó ra òmíràn. Bẹ́líìtì ń yọ̀: ó ra èyí tó fẹ̀. Táyà kò di ilẹ̀ mú: ó ra táyà. Nígbà tí táyà wá di ilẹ̀ mú gírígírí, tí agbára kò ríbi sá gbà mọ́, ọ̀pá tó ń yí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kán sí méjì.

Ó tún ìyẹn náà ṣe. Lọ́jọ́ kan ló fi fídíò pè mí láti ibi tí wọ́n ti ń wọn agbára mọ́tò. Wọ́n ti de Challenger náà mọ́lẹ̀ bí ẹran iléyá, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ jókòó lórí irin róbótó ńlá tó ń yí, fáànù gìrìwò kan ń fẹ́ sí i nímú. Ọ̀dọ́kùnrin kan jókòó ti kọ̀ǹpútà, ó ń wo àwọn ìlà tó ń gòkè lójú rẹ̀. Ó na ọwọ́ sókè, wọ́n tẹ̀ ẹ́. Fóònù ń gbọ̀n lọ́wọ́ mi.

“Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ gbọ́ bó ṣe ń ké? Ó ti lé ní 900 o!”

“Ó ti rìn dé ibo báyìí?”

“Kò rìn o, ẹ̀gbọ́n. Orí ẹ̀rọ ló wà.”

Mo ní ó káre. Ó ní kí n jọ̀ọ́, kí n má sọ iye tó ná òun fún Mọ́mì. Wọ́n tẹ nọ́ńbà náà sórí ìwé fún un, ó sì yà á ní fọ́tò sí mi. Ẹran ìgbẹ́ tó ń lé láti ọjọ́ yìí nìyẹn: ewé ìwé kan.

Ohun tó ń lé e ńkọ́? Ooru ni. Atẹ́gùn tí a bá fún pọ̀ kò lè ṣàì gbóná, bẹ́ẹ̀ ni Ọlọ́run ṣe dá a. Nínú sílíńdà tó gbóná jù, iná púlọ́ọ̀gì á ti bẹ̀rẹ̀ sí í jó jẹ́jẹ́ láti ẹ̀gbẹ́ kan, àmọ́ àdàpọ̀ epo tó wà ní ẹ̀gbẹ́ kejì kò ní dúró dè é. Á bú gbàmù fúnra rẹ̀, á máa lu orí písítìn kọ́kọ́kọ́. Bí ó bá pẹ́ bẹ́ẹ̀, písítìn á lu, ẹ́ńjìnnì á nọ́ọ̀kì, ọ̀rọ̀ á sì di ti ọkọ̀ tó ń fa ọkọ̀. Nítorí náà, sísá fún ooru ni èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ ẹni tó jókòó ti kọ̀ǹpútà yẹn. Ó ń fi omi àti rédíétọ̀ kékeré mìíràn tu atẹ́gùn lójú kó tó wọlé. Ó ń dá iná púlọ́ọ̀gì dúró díẹ̀. Ó ń da bẹntiróòlù sí i ju èyí tí atẹ́gùn lè jó tán lọ, débi pé 14.7 tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan á wálẹ̀ sí 12 tàbí kó dín, torí èyí tí kò jó á máa tu inú sílíńdà lára. Ẹ gbọ́ mi yé: bẹntiróòlù ni wọ́n fi ń wẹ̀ fún písítìn. Ẹ bá mi sọ fún àwọn tó ń to lórí ìlà epo.

Dodge fúnra rẹ̀ ló gbé e dé góńgó. Challenger Demon ọdún 2018 ní agbára ẹṣin 840 bí wọ́n bá rọ epo ìdíje sí i. Wọ́n gba òtútù AC tó yẹ kó máa fẹ́ sí awakọ̀, wọ́n darí rẹ̀ sí ọ̀dọ̀ atẹ́gùn ẹwìrì: ọ̀gá ń làágùn, ẹ́ńjìnnì ń gba fẹ́ẹ́rẹ́. Wọ́n yọ ìjókòó ẹ̀gbẹ́ awakọ̀ kí mọ́tò lè fúyẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ ìjókòó náà padà, dọ́là kan ni yóò san. Dọ́là kan o, n kò bù mọ́ ọn. Ẹni tí kò san dọ́là kan yẹn, ó yẹ kí àwọn àna rẹ̀ gbọ́. Mọ́tò náà sá ìdá mẹ́rin máìlì ní ìṣẹ́jú-àáyá 9.65. NHRA, ẹgbẹ́ tó ń darí irú eré bẹ́ẹ̀, wò ó, wọ́n ní pẹ̀lú eré yìí, kò gbọdọ̀ wọ pápá àwọn láìsí irin ìdáàbòbò nínú rẹ̀. Pápá ni wọ́n tìtorí rẹ̀ ṣe é, pápá ní kó máa lọ sílé.

Àwọn awakọ̀ Top Fuel, ìpele kan nínú irú eré tí NHRA ń darí, n kò bá wọn jà. Wọ́n ń sáré ẹsẹ̀ bàtà 1,000 láàárín ìwọ̀nba ìṣẹ́jú-àáyá tí kò pé mẹ́rin, lẹ́yìn náà ni wọ́n á tú ẹ́ńjìnnì palẹ̀ láti tún un tò. Iṣẹ́ òòjọ́ wọn ni. Ife ni wọ́n ń lé, a sì ń rí ife náà.

Àwa tí a wà nílé náà kò gbẹ́yìn. Lára Mercedes C-Class tòkunbọ̀ tó kún títì Èkó, ẹ ó rí èyí tí wọ́n kọ Kompressor sí lẹ́yìn. Ẹwìrì kékeré ló wà nínú rẹ̀, ọlọ́gbọ́n ló sì fi sí i: kí ẹ́ńjìnnì sílíńdà mẹ́rin lè ṣe bí èyí tó tóbi jù ú lọ. Ẹ lọ wo bí a ṣe ń lò ó. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, lórí afárá Third Mainland, ó wà láàárín dáńfó méjì, kò lọ síwájú, kò padà sẹ́yìn. Ara rẹ̀ gbóná, mẹ́kánííkì ní kò sí wàhálà, ó yọ thermostat jù sígbó. Síbẹ̀, ẹni tó fẹ́ rà á yóò fi owó kún owó nítorí orúkọ ẹ̀yìn yẹn. Mo ti rí Corolla tó lẹ Kompressor mọ́ bọ́ọ̀tù rẹ̀. Kí n sọ òótọ́, ọlọ́kọ̀ yẹn ló gbọ́n jù nínú gbogbo wọn: ó jẹ iyì ẹwìrì, kò fẹ́ná, kò ra ínjẹ́kítọ̀.

Ní ìparí 2023 ni Dodge dá Challenger dúró. Charger tuntun tí wọ́n gbé jáde lẹ́yìn náà ní irú kan tó ń lo iná mànàmáná, tí kò ní písítìn, tí kò ní ẹwìrì, tí kò sì nílò láti mí atẹ́gùn kankan sínú. Dákẹ́rọ́rọ́ ni irú mọ́tò bẹ́ẹ̀ máa ń lọ. Wọ́n bá kan ẹ̀rọ agbóhùn mọ́ ọn, kó lè máa bú ramúramù bíi Hellcat. Mo pe Houston, mo ní àbúrò, ṣé wàá ra èyí, kò ní fi ooru dà ọ́ láàmú. Ó dákẹ́ díẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n,” ó ní, “ariwo yẹn, ṣé wọ́n lè bá mi fi kún un?”