Pulọ́ọ̀gì Ẹ́ńjìnnì Ọkọ̀ Ojú Omi: Yíyàn Rẹ̀ àti Kíka Ojú Rẹ̀

Pulọ́ọ̀gì inú ẹ́ńjìnnì two-stroke tí wọ́n ń so mọ́ ìdí ọkọ̀ ojú omi kì í sinmi. Ìyípo kọ̀ọ̀kan ni epo ń jó lójú rẹ̀. Ti four-stroke, ó di ìyípo méjì. Ọ́ìlì tí wọ́n pò mọ́ bẹntiróòlù two-stroke, lítà 1 sí 50 lọ́pọ̀ ìgbà, ń jó mọ́ ọn lẹ́nu. Bí imú rẹ̀ kò bá gbóná tó nǹkan bí 450°C, èédú a bò ó. Bí ó bá ju 800°C lọ dáadáa, òun fúnra rẹ̀ a máa dáná sí epo kí àsìkò tó tó.

Nọ́ńbà ara rẹ̀ ni a fi ń yàn án. Lára B7HS ti NGK, B ni pé ẹsẹ̀ síkúrù rẹ̀ fẹ̀ ní mílímítà 14, H ni pé ó gùn ní 12.7, 7 sì ni ìwọ̀n ooru. Bí nọ́ńbà yìí bá ṣe ń ga ni pulọ́ọ̀gì NGK ń tutù sí i. Ti Bosch àti Champion, òdìkejì ni. Ti gígùn kò ṣeé fi ṣeré rárá: bí wọ́n bá ki B7ES, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 19, sí ihò H, písítìnì lè lọ fi orí gbá a.

Kíka ojú rẹ̀ ni pé kí a tú u, kí a wo tánganran imú rẹ̀. Bí ó bá rí bíi tíì tí wọ́n bu mílíìkì sí, ara ẹ́ńjìnnì dá. Dúdú gbígbẹ: epo pọ̀ ju afẹ́fẹ́ lọ, tàbí pulọ́ọ̀gì tutù jù. Dúdú tó ń yọ̀: ọ́ìlì pọ̀, tàbí iná kò tàn dáadáa. Funfun: epo kò tó, tàbí pulọ́ọ̀gì gbóná jù.

Eré tí ọkọ̀ sá kẹ́yìn nìkan ni àwọ̀ yìí ń ròyìn, ibẹ̀ sì ni ẹ̀tẹ́ wà. Ọ̀gá kan a rọra wọ́ wọ èbúté, a tú pulọ́ọ̀gì, a bá a ní dúdú, a pe èrò jọ, a ṣàlàyé títí, a sì ra èyí tó gbóná jù. Bẹ́ẹ̀, ìwọ́jẹ́jẹ́ yẹn ló sọ ọ́ di dúdú! Lọ́jọ́ kejì, ó kó èrò, ó fún un níná tán lórí ọ̀sà Èkó. Ẹ́ńjìnnì dùn, ó han gooro, ó kú. Ìyá ẹlẹ́ja tó ń fi àjẹ̀ tukọ̀ kọjá yóò kí i pé, “Ẹ kú ìjókòó o, ọ̀gá!” Nígbà tí wọ́n bá tú pulọ́ọ̀gì náà, funfun ni, pẹ̀lú èérún dídán tóótòòtó lára rẹ̀: písítìnì ló yọ́. Bí ó ṣe yẹ ni pé kí ọkọ̀ gbé ẹrù, kí ó sáré tán, kí wọ́n pa ẹ́ńjìnnì lójijì lórí eré, kí wọ́n tó tú u.

Àwọn tó ń fojú wọn ọ́ìlì, tí wọ́n wá ń bú pulọ́ọ̀gì, ta ni wọ́n ń tàn jẹ ná? Kò sí pulọ́ọ̀gì tó lè wo àpòpọ̀ burúkú sàn.

Ọwọ́ lásán ni a fi ń yí tuntun wọlé títí yóò fi jókòó, kí sípánà tó fi ìdajì ìyípo kún un. Alumíníọ́mù ni orí ẹ́ńjìnnì. Ihò tí síkúrù rẹ̀ bá ti jẹ, pulọ́ọ̀gì tuntun kò ní mú níbẹ̀ mọ́.