Ìjàpá àti Katakata Tó Mọ̀nà

Àlọ́ o!
Àlọ̀!

Àlọ́ mi dá fìrìgbagbóó, ó dá lórí Ìjàpá Tìrókò, ọkọ Yánníbo, nígbà tó ń dáko àgbàdo àti ẹ̀wà sóyà ní Illinois, lọ́hùn-ún ní Amẹ́ríkà. Éékà 40 loko rẹ̀. Ti Erin, aládùúgbò rẹ̀, jẹ́ 4,000.

Lọ́jọ́ kan, Ìjàpá rí katakata Erin tó ń darí ara rẹ̀, Erin jókòó sínú rẹ̀, ó ń jẹ ẹ̀pà. Ẹ̀rọ inú rẹ̀ tó ń gba àmì sátẹ́láìtì ló ń fọ̀nà hàn án. Àgbẹ̀ tó ń fojú wọn ìlà kì í fẹ́ kí àyè ṣófo, torí náà a máa tún ẹ̀gbẹ́ ibi tó ti gbìn gbìn. Irúgbìn, ajílẹ̀ àti oògùn a di ìlọ́po méjì níbẹ̀. Ẹ̀rọ yìí kì í gun ìlà tó ti tẹ̀. Bí àtúngbìn bá gba éékà 5 nínú 100, inú 200 éékà ni Erin ti ń jèrè lọ́dún.

Ìjàpá sáré tọ Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ tó ń ta ẹ̀rọ lọ. Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ò bèèrè bí oko ṣe tó. Kí ló kàn án? 20,000 dọ́là tó gbà lọ́wọ́ Erin náà ló dá lé e.

"Ṣebí ọ̀fẹ́ ni àmì sátẹ́láìtì?"

"Ọ̀fẹ́ ni, ẹ̀gbọ́n. Àtúnṣe tí kò ní jẹ́ kó fi ju ìbú ìka kan lọ tàsé lẹ ó máa san 1,000 dọ́là fún lọ́dọọdún."

Báǹkì yá a lówó. Ó dóko, ó káwọ́ sẹ́yìn orí, ó dárin:

Katakata mi mọ̀nà oko,
Kìrìjì, máa lọ!
Ọwọ́ mi ò kan sítíárì,
Kìrìjì, máa lọ!
Erin ń jẹ̀pà, èmi náà ń jẹ,
Kìrìjì, máa lọ!

Nígbà ìkórè, Yánníbo ṣírò. "Baálé mi, nínú éékà 40 wa, éékà 2 péré la ti jèrè. Ká fi 300 dọ́là sí ọ̀kọ̀ọ̀kan, 600 la rí, 1,000 la san fún àtúnṣe àmì. N ò tíì mẹ́nu ba báǹkì o."

Ìjàpá ní òun á máa fi ẹ̀rọ náà gbàṣẹ́ oko olóko, kí éékà lè pọ̀. Èrò gidi nìyẹn, àmọ́ ó ti tọwọ́ bọ̀wé kó tó rò ó.

Ó dọ́dọ̀ Ehoro: Ehoro wà lórí katakata tuntun, ó káwọ́ sẹ́yìn orí, orin Ìjàpá gan-an ló ń kọ. Ó yà sílé Òkété: Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ti wà níbẹ̀, ó ń na bírò sí onílé.

"Ẹ̀gbọ́n Ìjàpá!" ni Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ké. "Ìgbà tẹ́ ẹ dé yìí gan-an ló dáa. Ẹ̀rọ ọdún yìí ti wọlé o, tiyín yẹn ti di tàtijọ́."