Afinimọ̀nà tí Kò Mọ Ọ̀nà

Àgbà tí ó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn, òun ni yóò ru igbá rẹ̀ dé ilé. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni baálé ilé tí ó bá kó aya rẹ̀, ọmọ mẹ́ta àti ìyá tí ó bí aya rẹ̀ sínú ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kan ṣoṣo, tí ó sì búra pé òun yóò fi omi àti ihò tí Ọlọ́run fi ṣe ilẹ̀ wa lọ́ṣọ̀ọ́ hàn wọ́n, láti Ìjẹ̀ṣà dé Èkìtì títí dé ẹ̀bá Àkúrẹ́, nígbà tí òun alára kò tí ì fi ẹsẹ̀ tẹ ọ̀kan nínú wọn rí, olúwarẹ̀ kò gbọdọ̀ wá ẹni tí yóò bá a ru ẹ̀sín nígbà tí ẹ̀sín bá dé. Èmi ni baálé ilé náà. Mo ti ń ru tèmi láti ìgbà náà, ọrùn sì ti ń ro mí, ni mo ṣe ní kí n sọ ọ́ kalẹ̀ níwájú yín lónìí.

Ohun tí ó bí ọ̀rọ̀ náà kò tó nǹkan. Ilé ìwé ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìsinmi ni, a jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wa ní Ìbàdàn ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, àkọ́bí mi sì ń ṣàròyé pé láti ìgbà tí a ti bí òun, ibi tí ó jìnnà jù tí òun fi ojú rí kò ju Dùgbẹ̀ lọ. Mo wú ikọ́, mo tún ìjókòó ṣe, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí ka àwọn ibi tí ilẹ̀ wa fi lẹ́wà: omi Olúmirin ní Erin-Ìjẹ̀ṣà, tí ń já láti orí àpáta ní ìpele méje, omi Ìkógòsì, níbi tí gbígbóná àti títutù ti ń pàdé bí ọbàkan tí kò rẹ́, àti Ihò Eléérú tí ń bẹ ní ẹ̀bá Ìsàrun, lápá Àkúrẹ́, níbi tí a ti wú egungun ẹni àtijọ́. Ìyá aya mi, tí ó wá kí wa, tí kì í sì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, gbé ojú sókè láti inú àwo ẹ̀gúsí tí ó ń ṣà, ó ní, “Ọkọ mi, ṣé ẹ mọ ọ̀nà ibẹ̀?” Bí mo bá ti wí pé n kò mọ̀ ọ́n ni, ọ̀rọ̀ ì bá parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni yóò fi àìmọ̀ rẹ̀ han àna? Mo ní, “Màmá, mo mọ̀ ọ́n bí ẹní mowó.”

Aya mi wò mí. Obìnrin tí ó ti bá mi gbé fún ọdún mẹ́rìnlá mọ ìyàtọ̀ láàárín ìgbà tí mo bá mọ nǹkan àti ìgbà tí mo bá sọ pé mo mọ̀ ọ́n. Ó dákẹ́, ó wọ yàrá lọ, ó lọ di aṣọ ìpààrọ̀ mẹ́ta fún èmi nìkan.

A kúrò ní Ìbàdàn ní ìdájí, a gba Ifẹ̀ àti Iléṣà kọjá, ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà òṣèré, ọmọ Ọbòkun, oòrùn kò sì tí ì mú tán tí a fi dé Erin. Kí á tó rí omi náà ni a ti ń gbọ́ ọ, ó ń bú láàárín igbó bí ẹkùn tí kò rí ẹran pa jẹ. Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin dúró ní ẹsẹ̀ òkè, àwọn tí iṣẹ́ wọn ni láti fi ọ̀nà han àlejò, ọ̀kan nínú wọn dọ̀bálẹ̀, ó wo bàtà mi, ó tún wo ojú mi, ó ní, “Bàbá, bàtà yìí kò ní gbà fún yín lórí òkúta o. Ẹ jẹ́ kí n mú yín lọ́wọ́.” Ó yẹ kí n sọ irú bàtà tí ó jẹ́: bàtà aláwọ dúdú ni, tí atẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ ń dán bí àwo tánńganran, tí mo máa ń wọ̀ lọ sí ìgbéyàwó. Mo dá a lóhùn pé kí wọ́n tó bí i ni mo ti ń gun òkè, èyí tí ó jẹ́ irọ́, nítorí òkè kan ṣoṣo tí mo gùn rí ni òkè Màpó, ọ̀dà sì wà lójú ọ̀nà ibẹ̀. Mo gbọ́ tí ó ń wí lábẹ́lẹ̀ fún ẹnìkejì rẹ̀ pé àlejò lójú, kò fi ríran.

Ní ìpele kìn-ín-ní, ibi tí ọmọdé àti arúgbó ń dé láìsí wàhálà, mo dúró lórí àpáta kan tí ewédò bò, mo kọ ẹ̀yìn sí omi, mo na ọwọ́ sókè, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí ki Olúmirin fún ẹbí mi, pé abọ́-lókè-má-fara-pa, pé ajá-lápàáta-má-ṣẹ́-léegun. Ọ̀rọ̀ yìí ni ó wà lẹ́nu mi tí ẹsẹ̀ mi méjèèjì fi gba ojú ọ̀run lọ. Fìlà mi ni ó kọ́kọ́ dé ìsàlẹ̀, èmi ni mo ṣe ìkejì. Àwọn baba wa ní bí ọmọdé bá ṣubú a wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú a wo ẹ̀yìn. Mo wo ẹ̀yìn, ìyá aya mi ni mo rí, ó ti bọ́ bàtà rẹ̀ há abíyá, ó dúró gbagidi lórí àpáta. “Ẹ pẹ̀lẹ́, ọkọ mi,” ni ó wí, “ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ná gbogbo owó náà tán síbí.”

Nínú ìpele mẹ́fà yòókù, àwọn ọmọ mi gun méjì pẹ̀lú ọ̀dọ́mọkùnrin náà. Èmi jókòó sí ìsàlẹ̀, mo ń sá ṣòkòtò mi sóòrùn.

Ẹni tí ọgbọ́n bá ṣẹ́kù sí nínú ì bá ti sinmi ìhàlẹ̀ ní ọjọ́ kejì, ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ tèmi, ìtìjú ni ó ń bí ìhàlẹ̀ mìíràn. Bí a ti dé Ẹ̀fọ̀n-Aláayè, mo dúró, mo ra ẹyin adìyẹ méjìlá, mo sì sọ fún wọn pé omi Ìkógòsì gbóná tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi ń se ẹyin, pé òun ni a ó fi jẹ búrẹ́dì ní ọ̀sán. Níbo ni mo ti gbọ́ ọ? N kò gbọ́ ọ níbì kan. Ẹnu mi ni ó sọ ọ́, etí mi gbọ́ ọ, ni mo bá gbà á gbọ́.

Ibi tí ó lẹ́wà ni ibẹ̀, kì í ṣe ẹnu lásán. Láti ara òkè tí igbó bò ni omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ náà ti ń sun, títutù ń ti ọ̀nà tirẹ̀ bọ̀, wọn a sì pàdé, bí o bá ti ẹsẹ̀ ọ̀tún bọ ọ̀kan, tí o ti òsì bọ èkejì, ìwọ yóò rò pé ara rẹ ti di ti ènìyàn méjì. Àwọn ajíhìnrere Ìjọ Onítẹ̀bọmi láti Amẹ́ríkà ni wọ́n sọ ọ́ di ibi ìpàgọ́ ní nǹkan bí ọdún 1952, àwọn mìíràn tilẹ̀ ń wí pé àwọn ni wọ́n “rí” omi náà, àfi bí ẹni pé àwọn ará Ìkógòsì ti ń di ojú wẹ̀ níbẹ̀ láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Ọkùnrin tí ń tọ́jú ibẹ̀ sọ ìtàn tí àwọn baba rẹ̀ sọ fún un: obìnrin méjì ni wọ́n, aya ọkùnrin kan náà, ọ̀kan gbóná lára, èkejì tutù, ni wọ́n fi di omi. Aya mi béèrè ohun tí ọkọ wọn dà. Ọkùnrin náà ní òkè tí ó wà lẹ́yìn yẹn ni. “Ó dára,” ni aya mi wí, “ó ṣì wúlò fún nǹkan.”

Mo di ẹyin méjìlá sínú àǹkáṣíìfù, mo rì wọ́n bọ ibi tí ó gbóná jù, mo sì jókòó tì wọ́n bí àgbébọ̀. Wákàtí kan kọjá. Ọkùnrin náà tún wá, ó ní, “Ọ̀gá, kí ni ẹ ń ṣe?” Mo ní mo ń se ẹyin. Ó dákẹ́ bí ẹni tí ń wá ọ̀rọ̀ ọmọlúàbí, lẹ́yìn náà ni ó ní omi náà kàn lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni, pé ọmọ ọwọ́ pàápàá ṣeé fi wẹ̀. Mo ní kó máa lọ, mo mọ̀ ọ́n. Nígbà tí ó ṣe, mo mú ọ̀kan, mo ké sí ẹbí mi kí wọ́n wá wo iṣẹ́ Olódùmarè, mo sì kan án mọ́ iwájú orí mi, gẹ́gẹ́ bí a ti ń ṣe nígbà èwe wa. Ẹyin lohùn, bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ni ó ń fọ́. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà tí ó pa òwe náà kò sọ ti èyí tí ó fọ́ sí ojú ẹni tí ó sọ ọ́. Funfun rẹ̀ gba ipéǹpéjú, pupa rẹ̀ gba irùngbọ̀n. Àbíkẹ́yìn mi, ọmọ ọdún mẹ́fà, ní, “Bàbá, kò tí ì jinná.”

Eré ni gbogbo ìwọ̀nyí. Ihò Eléérú ni ọ̀rọ̀ wà.

Nípa ihò yìí, mo mọ nǹkan díẹ̀ ní ti gidi, ìmọ̀ díẹ̀ náà gan-an ni ó sì pa mí. Mo ti kà á pé ní ọdún 1965, Ọ̀jọ̀gbọ́n Thurstan Shaw, tí ń kọ́ni ní Yunifásítì Ìbàdàn nígbà náà, òun àti àwọn ẹmẹ̀wà rẹ̀ wa ilẹ̀ ibẹ̀, wọ́n rí àìmọye òkúta wẹ́wẹ́ tí àwọn ará ìgbàanì ṣá di irinṣẹ́, wọ́n rí àpáàdì ìkòkò, wọ́n sì rí egungun ènìyàn kan tí a sin, tí ó ti wà nínú ilẹ̀ fún ohun tí ó lé ní 10,000 ọdún, ọ̀kan nínú èyí tí ó pẹ́ jù lọ tí a tí ì wú ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Mo ra tọ́ọ̀ṣì mẹ́ta, okùn gígùn kan àti àbẹ́là mẹ́fà, nítorí mo rò pé ihò tí ó ṣókùnkùn bí ikùn ọ̀nì ni. N kò kàwé dé ibi tí wọ́n ti wí pé abẹ́ àpáta tí ó yọ bí òrùlé ni, tí ìmọ́lẹ̀ ń wọ̀ kedere.

Ní Ìsàrun, aya mi ní kí á béèrè ọ̀nà. Mo ní kí ni à ń béèrè, ihò ha lè ṣí kúrò níbi tí ó ti wà láti ìgbà ìwáṣẹ̀? Mo fi ọkọ̀ sí ẹ̀bá ọ̀nà, mo gba ọ̀nà oko kan tí ó wù mí, mo ṣíwájú, okùn ní èjìká, tọ́ọ̀ṣì ní títàn ní ọ̀sán gangan. A la oko kòkó kọjá, a la oko ọ̀gẹ̀dẹ̀ kọjá, a tún padà sí oko kòkó àkọ́kọ́, èyí tí mo pè ní òmíràn. Lẹ́yìn wákàtí méjì, a já sí abẹ́ àpáta kan, eérú sì wà níbẹ̀.

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ ò bá rí mi lọ́jọ́ náà! Mo rẹ ohùn sílẹ̀ bí ẹni tí ó wọ ojúbọ. Mo sọ fún wọn pé eérú tí wọ́n ń tẹ̀ yìí, ọwọ́ tí ó dá iná rẹ̀ ti jẹrà kí Odùduwà tó tẹ Ifẹ̀ dó. Mo bu díẹ̀, mo jẹ́ kí ó máa gba àárín ìka mi dà sílẹ̀. Mo rí òkúta pẹlẹbẹ kan tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti jẹ, mo gbé e sókè, mo ní ẹ wo ọ̀bẹ àwọn baba ńlá wa, mo sì ṣàpẹẹrẹ bí wọ́n ti ń fi bó awọ ẹran. Àkọ́bí mi ń kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé. Àbíkẹ́yìn mi mú èèpo iṣu kan wá, ó ní, “Bàbá, ṣé àwọn náà máa ń jẹ iṣu ni?” Ẹni tí ojú rẹ̀ là ì bá ti mọ̀, èmi dúró, mo ń ṣàlàyé bí iṣu ti pẹ́ tó ní ilẹ̀ wa. Ìyá aya mi tú ìdí aṣọ, ó mú obì kan, ó pa á, ó kúnlẹ̀ lórí eérú náà, ó sì ń tọrọ ọmọ àti àlàáfíà lọ́wọ́ àwọn ẹni àtijọ́, omijé sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lójú èmi náà.

Ibẹ̀ ni bàbá àgbẹ̀ kan bá wa, àdá ní ọwọ́, agbọ̀n ní orí. Ó ní sùúrù títí ìyá aya mi fi ṣe àmín. “Ẹ kú ìrìn o, ẹ̀yin àlejò,” ni ó wí. “Ṣé kò sí o? Ta ni ó kú?” Mo ní kò sí ẹni tí ó kú, a wá kí àwọn baba ńlá wa nínú eérú wọn ni. Ó wo eérú, ó wò mí. “Ẹ má bínú, ọ̀gá,” ni ó wí, “eérú àná ni. Èmi àti ìyá àwọn ọmọ mi ni a sun iṣu níbẹ̀ nígbà tí òjò ká wa mọ́ oko.” Ó tún wo ọwọ́ mi. “Ẹ sì ṣeun tí ẹ bá mi rí òkúta yìí. Láti àárọ̀ ni mo ti ń wá ohun tí n ó fi pọ́n àdá.”

Mo fi ọ̀bẹ àwọn baba ńlá wa lé e lọ́wọ́. Ó jókòó, ó pọ́n àdá rẹ̀ níṣojú wa, kò sì sí ẹni tí ó sọ̀rọ̀. Mo béèrè Ihò Eléérú lọ́wọ́ rẹ̀, ìyẹn sì ni ìgbà kìn-ín-ní tí mo béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni láti Ìbàdàn. Ó nawọ́ sí ìhà tí a ti wá gan-an, ó ní bí a bá ti yà sí ọ̀tún níbi tí a ti yà sí òsì ni, à bá ti dé ibẹ̀ tipẹ́tipẹ́. Ojú ọ̀run ti ṣú nígbà náà. Òjò bá wa lọ́nà kí a tó dé ìdí ọkọ̀.

Ìyá aya mi kò sọ nǹkan kan títí a fi kọjá Iléṣà. Níbẹ̀ ni ó ti fi ohùn pẹ̀lẹ́ pè mí. “Ọkọ mi,” ni ó wí, “obì mi yàn lórí eérú iṣu yẹn. Ọmọ tí mo tọrọ náà, ṣé ìyàwó àgbẹ̀ yẹn ni yóò bí i ni?”

Títí di òní olónìí, n kò tí ì rí Ihò Eléérú. Àkọ́bí mi ti dé ibẹ̀, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé ìwé, ṣùgbọ́n kò gbà láti sọ bí ó ti rí fún mi. Ó ní ṣebí mo mọ̀ ọ́n bí ẹní mowó. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá gba Ìsàrun kọjá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ béèrè ọ̀nà, ẹ wo ibẹ̀ dáadáa, kí ẹ sì kọ ìwé sí mi.