Oríkì Ìbéèrè Tí Kì í Bi Bàbá

Ta-lo-fi-ọmọ-sílẹ̀-fún, mo júbà o!
Àrẹ̀mọ Ẹnu-ò-sinmi, ọkọ Òfófó,
Abi-ìyá-má-bi-bàbá,
Arítẹnimọ̀ọ́wí tó fi àpáàdì bo tiẹ̀ mọ́lẹ̀.
Kábíyèsí tó sùn fọnfọn nígbà tí Okocha ń fẹsẹ̀ dárà lórí pápá,
bàbá ọmọ ni, o ò bi í pé ta ló ń pààrọ̀ ìlédìí.
Messi bímọ mẹ́ta, ó gba Ife Àgbáyé ní 2022, oorun lò ń sùn.

Ìgbà tí Asisat Oshoala yọ ní Ìkòródù lo tó lajú!
Ọmọ tí wọ́n bí ní 1994, agbábọ́ọ̀lù obìnrin tó pegedé jù ní Áfíríkà, lẹ́ẹ̀mẹfà,
tó bá Barcelona gba Champions League ní 2021 àti 2023.
Ìwọ jókòó sílé tí wọ́n ti ń sanwó wo bọ́ọ̀lù, ẹ̀pà kún ẹnu rẹ, o ní:
"Ìgbà wo ni yóò lọ́kọ? Tó bá bímọ, bọ́ọ̀lù tán nìyẹn."

Àgbà awòye tó ní ẹsẹ̀ abiyamọ kì í yá!
Shelly-Ann Fraser-Pryce ti Jàmáíkà bímọ ní 2017. Ní Doha, ní 2019, ó fi ìṣẹ́jú-àáyá 10.71 sá ọgọ́rùn-ún mítà, ó gba góòlù àgbáyé, ó gbé ọmọ náà yan lórí pápá. Eruku ẹsẹ̀ rẹ̀ lo jẹ lọ́jọ́ náà, ọlọ́lá.

Ẹ̀pẹ́ nìkan lo kì í yà sí, mo sì mọ̀dí ẹ̀. Lọ́jà ẹja Olúwo, abiyamọ pọn ọmọ, ó ń ha ìpẹ́ epìyà, ó ń bá oníbàárà nájà, orí ọmọ tó ti sùn lọ ń mì lẹ́yìn rẹ̀. Ta ló bi í rí pé báwo ló ṣe ń pa iṣẹ́ àti ọmọ pọ̀? Bó bá jókòó sílé, ebi ni. Ìwọ tó ń pe ara rẹ ní àṣà Yorùbá, ìyá wa wo ló mọ̀ ọ́?

FIFA gan-an ti já ewé lórí oyè rẹ. Láti 2021, agbábọ́ọ̀lù tó bímọ ní ìsinmi ọ̀sẹ̀ mẹ́rìnlá, ó kéré tán, pẹ̀lú ìdá méjì nínú mẹ́ta owó oṣù rẹ̀. Sara Björk Gunnarsdóttir ti Iceland pe ẹjọ́ lórí owó ìgbà oyún rẹ̀, ẹgbẹ́ rẹ̀, Lyon, sì san owó tó lé ní 82,000 yúrò fún un.

Ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ọkùnrin Ikorodu City ti wọ líìgì àgbà láti 2024, Kábíyèsí. Tó o bá ń bọ̀ níbẹ̀, ọ̀dọ̀ àwọn bàbá ni kó o ti bẹ̀rẹ̀. Èsì wọn ni mo fẹ́ gbọ́.