Singapore Ba Àwáwí Wa Jẹ́

Gbogbo àwa tí a ń gbé ìlú òyìnbó la ní àwáwí kan tí a fi ń gbèjà ilé. Bí ẹnì kan bá bi wá pé kí ló dé tí nǹkan ò rí bó ṣe yẹ kó rí ní Ìbàdàn, òtútù la máa ń di ẹ̀bi rù. A ó ní òtútù ló kọ́ òyìnbó ní ètò: ẹni tí kò bá to igi jọ kí yìnyín tó dé, kò ní fojú kan oṣù kẹta. Lọ́dọ̀ tiwa ńkọ́? Oòrùn ń ràn, ọ̀gẹ̀dẹ̀ ń hù lẹ́yìnkùlé láìsí ẹni tó gbìn ín, ta ló fẹ́ máa da ara rẹ̀ láàmú? Mo ti fi ọ̀rọ̀ yìí borí àríyànjiyàn ní Leeds títí tí àwọn ọmọ mi fi ń bá mi parí rẹ̀. Ìgbà tí èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan, ọmọ Mọ́kọ́lá, wá lọ najú ní Singapore ni ọ̀rọ̀ bẹ́yìn yọ.

Ìlú náà kò jìnnà rárá sí ìlà tó la ayé sí méjì. Ó sún mọ́ ọn ju Ìbàdàn lọ. Bí a ṣe jáde ní pápákọ̀ òfurufú Changi ni ooru dì mọ́ wa lọ́rùn, ooru Àpẹ̀tẹ̀, àdúgbò wa n'Ìbàdàn, gan-an, èyí tí ń mú kí ṣẹ́ẹ̀tì lẹ̀ mọ́ni lẹ́yìn kí aago mẹ́wàá àárọ̀ tó lù. Mo wò yíká. Àgbọn rèé, ìbẹ́pẹ rèé, ọ̀gẹ̀dẹ̀ rèé. Ẹ̀fọn náà wà, àmọ́ ayé ò rọrùn fún un níbẹ̀: òṣìṣẹ́ ìjọba lè wọ ilé onílé wá ẹyin ẹ̀fọn, bó bá sì rí i nínú ìkòkò òdòdó rẹ, wàá sanwó ìtanràn. Ọ̀rẹ́ mi ní bí òfin yìí bá fi lè dé Àpẹ̀tẹ̀, ọmọ ọmọ wa ni yóò máa san gbèsè náà.

Ọmọ Ṣáínà ló pọ̀ jù níbẹ̀, àwọn Malay ló tẹ̀ lé wọn, lẹ́yìn náà àwọn ará Íńdíà. Èdè mẹ́rin nìjọba ń lò: Malay, Mandarin, Tamil àti Gẹ̀ẹ́sì. Ní òpópónà South Bridge, tẹ́ńpìlì Sri Mariamman ti àwọn ẹlẹ́sìn Híńdù, tó ti wà láti ọdún 1827, kò jìnnà sí mọ́sálásí Jamae, bẹ́ẹ̀ àdúgbò àwọn ọmọ Ṣáínà gan-an ni àwọn méjèèjì wà. Èyí ò yà mí lẹ́nu. Aládùúrà ni màámi, Àlàájì ni ẹ̀gbọ́n wọn, ìkòkò kan náà ni wọ́n ti ń bu ọbẹ̀ ọdún. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé ìjọba ń ka ẹ̀yà nínú ilé. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ọmọ ìlú náà ló ń gbé ilé gogoro tí ìjọba kọ́, òfin sì ti wà láti ọdún 1989 pé ẹ̀yà kan ò gbọ́dọ̀ ju iye báyìí lọ nínú ilé kan. Ẹ fojú inú wò ó: o fẹ́ gba yàrá ní Àpẹ̀tẹ̀, onílé ní kí o má bínú, àyè àwọn Ìjẹ̀bú ti kún, kí o padà wá bí Ìjẹ̀ṣà kan bá kó jáde.

Ohun kan tù mí nínú. Auntie ni wọ́n ń pe màmá tó ń ta oúnjẹ, Uncle ni wọ́n ń pe awakọ̀ takisí. Ní Leeds, ọmọdé tí kò tíì hu irùngbọ̀n ń pe orúkọ mi mọ́ mi lójú, mo sì gbọ́dọ̀ dáhùn.

Ibi oúnjẹ gan-an ni mo ti gbà pé mo délé. Nígbà kan, ẹ̀bá títì làwọn olóúnjẹ wọn ń jókòó sí, tí omi ìfọbọ́ ń ṣàn lọ sínú odò. Láti ìparí àwọn ọdún 1960 títí di àárín àwọn ọdún 1980 nìjọba kó wọn sábẹ́ òrùlé, tí wọ́n fa omi ẹ̀rọ sí i, tí wọ́n sì la gọ́tà. Wọ́n kọ́ ibi tí wọn yóò lọ kí wọ́n tó lé wọn kúrò níbi tí wọ́n wà. Ẹ̀yin tí ẹ ti rí i bí wọ́n ṣe ń wó ìsọ̀ lójijì, ẹ mọ ohun tí mò ń sọ. Lóṣù kejìlá ọdún 2020, UNESCO kọ àṣà búkà yìí sínú ìwé ogún ìṣẹ̀dálẹ̀ aráyé, ìwé kan náà tí wọ́n kọ Ifá sí lọ́dún 2008. Ẹ bá mi sọ ọ́ fáwọn tó ń rokà ní Bódìjà, kí wọ́n mọ̀ pé irú rẹ̀ ṣeé ṣe.

Ní búkà Maxwell, ọ̀sán gangan, èrò kún, àga ò sí. Ọ̀rẹ́ mi rí tábìlì kan tó ṣófo, àpò tísù kékeré kan ṣoṣo ló wà lórí rẹ̀. Ó jókòó. Ó fa tísù kan yọ, ó nu iwájú. Ó fa òmíràn, ó nu ẹ̀yìn ọrùn. Ó tún fa ẹ̀kẹta, ìyẹn jẹ́ ti imú. Àṣé bí wọ́n ṣe ń gba àyè nìyẹn. Wàá gbé tísù kalẹ̀, wàá lọ tò síbi oúnjẹ, ẹnikẹ́ni ò ní fọwọ́ kàn án. Màmá kan gbé ìrẹsì òun adìẹ dé, wọ́n wo tísù, wọ́n wo ọ̀rẹ́ mi. Ọkùnrin náà dìde fùú, ó fọwọ́ kanlẹ̀, ó ní, “Ẹ má bínú, Auntie,” ní Yorùbá pọ́ńbélé, ó sì fi tísù tó kù lé wọn lọ́wọ́. Màmá bú sẹ́rìn-ín, wọ́n sún, a jọ jókòó. Ẹ gbé tísù sórí bẹ́ǹṣì kan ní Sángo kí ẹ lọ ra oúnjẹ wò. Bí ẹ bá padà dé, ẹ dúpẹ́ bí ẹ bá bá bẹ́ǹṣì.

Màmá yẹn náà ló ní ká tọ́ oúnjẹ kan wò: kókò tí wọ́n gé wẹ́wẹ́, tí wọ́n pò mọ́ ìyẹ̀fun ìrẹsì, tí wọ́n fi ooru omi sè, tí wọ́n wá bu edé gbígbẹ lé lórí. Ẹnu mi dá a mọ̀ lójú ẹsẹ̀. Ìkókorẹ́ tó lọ sókè òkun tó gbàgbé epo pupa ni.

Kò yẹ kí Singapore ṣàjèjì sí ará Àpẹ̀tẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ọmọ Poly Ìbàdàn wo ló gbé Àpẹ̀tẹ̀ tí kò fi Indomie gbẹ́mìí ró? Tolaram tó mú un wọ Nàìjíríà lọ́dún 1988, Singapore ni olú iléeṣẹ́ rẹ̀ wà. A ti ń bá wọn ṣòwò lórí sítóòfù láti ọjọ́ yìí wá.

Òjò ló wá fọ́ àwáwí mi yángá. Ojú ọ̀run ṣú lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó dà, irú èyí tí a máa ń gbé garawa sábẹ́ ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ fún. A sá sí ibùdókọ̀, à ń wo gọ́tà. Ó jìn, ó mọ́, omi nìkan ló wà nínú rẹ̀. Omi ń ga, omi ń sáré, omi ń lọ. À ń retí kí ọ̀rá píọ̀ wọ́tà kan ṣáà léfòó kọjá, ọ̀rá ò yọjú.

Kì í ṣe pé omi ò yalé wọn rí o. Lóṣù kẹfà ọdún 2010, omi bo Orchard Road, ibi tí àwọn olówó ti ń nájà. Lóṣù kẹfà 2011, ó tún bò ó. Ọdún 2011 yẹn kan náà, ní ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ, ni òjò da Ìbàdàn rú, tó pa èèyàn tó lé ní ọgọ́rùn-ún, tó sì gbé afárá Àpẹ̀tẹ̀ lọ. Mọ́tò ò lè kọjá mọ́: ẹni tó wà lọ́hùn-ún, ọ̀hún ló wà. Singapore la ojú omi tuntun tí yóò máa darí àgbàrá kúrò ní Orchard, ọdún 2018 ni wọ́n parí rẹ̀. Àwa náà tún afárá kọ́, Báńkì Àgbáyé sì fọwọ́ sí mílíọ̀nù 200 dọ́là lọ́dún 2014 láti gbógun ti omíyalé n'Ìbàdàn. Nítorí náà n kò sọ pé a káwọ́ gbera. Ṣùgbọ́n odò Ògùnpa ti jà níbẹ̀ lọ́dún 1980. Ta ló fẹ́ sọ pé òjò yọ sí òun lójijì?

Mo pe màámi lórí fóònù, à ń wo ojú ara wa, bí òjò ṣe ń rọ̀ lọ́wọ́.

“Àkànní, ṣé àlàáfíà lẹ wà ní Ṣáínà yẹn?”

“Màámi, kì í ṣe Ṣáínà. Singapore ni.”

“Ta ni mò ń wò lẹ́yìn rẹ yẹn?”

“Ọmọ Ṣáínà ni, mà.”

“Ṣebí ohun tí mo sọ náà nìyẹn. Òjò yẹn ń pariwo o. Afárá tiyín ò tíì lọ?”

Ọ̀rẹ́ mi gbìyànjú láti gba àwáwí náà sílẹ̀. Ó ní Lee Kuan Yew, olórí ìjọba wọn àkọ́kọ́, fẹnu ara rẹ̀ sọ pé ẹ̀rọ amúlétutù wà lára ohun tó gbé ìlú òun dìde, pé ọ́fíìsì ìjọba lòun kọ́kọ́ fi í sí. Lee yìí kan náà ló wá sí Èkó fún ìpàdé Commonwealth ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1966. Ìpàdé ò tíì tutù nílẹ̀ táwọn ṣọ́jà fi gbàjọba. “Ṣé o rí i,” ọ̀rẹ́ mi ní, “ẹ̀rọ amúlétutù ni.” Mo ní ó wà nílé màámi. Ara ògiri ló wà, ó ń retí iná.

Omi mímu wọn ló dùn mí jù. Wọ́n ń ra omi lọ́wọ́ Johor, ní Màlésíà, lórí àdéhùn ọdún 1962, láti ọdún 2003 ni wọ́n sì ti ń sẹ́ omi ìdọ̀tí títí yóò fi mọ́ gaara. Àpẹ̀tẹ̀ ń gbé létí adágún Ẹlẹ́yẹlé, tí wọ́n ti ṣe ìsédò rẹ̀ láti ọdún 1942, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ ilé wa, kànga ni.

Ṣé mo lè wá gbé ibẹ̀? Rárá o. Ìwé àṣẹ láti ní mọ́tò nìkan, fún ọdún mẹ́wàá péré, ju 100,000 dọ́là wọn lọ nígbà kan lọ́dún 2023, kó tó kan owó mọ́tò fúnra rẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi ṣírò iye mọ́tò Micra tí ìyẹn lè rà, ó dákẹ́. Bí o bá jẹun nínú ọkọ̀ ojú irin, ìtanràn rẹ lè tó 500 dọ́là. Àwọn Malay ń ṣe ìgbéyàwó nísàlẹ̀ ilé gogoro, wọ́n ń se ìrẹsì nínú ìkòkò ńlá bíi tiwa, ṣùgbọ́n ìwé àṣẹ ni wọn yóò kọ́kọ́ gbà. Ìnáwó tí a gbàwé kí a tó ṣe é, n kò mọ irú ọtí tí wọ́n ń mu níbẹ̀.

Ẹ̀yin tó bá wù láti lọ, ẹ mọ̀ pé ìwé ìrìnnà Nàìjíríà nílò físà. Oṣù kọkànlá sí oṣù kìn-ín-ní ni òjò wọn máa ń pọ̀ jù, ẹ mú agbòòrùn dání. Ẹ má kó ṣingọ́ọ̀mù sí báàgì, wọ́n ti fòfin dè é láti ọdún 1992. Ata wọn ta dáadáa, ẹ fi tiyín sílẹ̀ nílé.