Pápá Gbalasa Kì í Ṣe Ọ̀mọ̀wé: Ìmọ̀ràn fún Ẹni Tí Ó Fẹ́ Yin Ara Rẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì

Àpólà ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà "well versed", tí wọ́n ń lò fún ẹni tí ó mọ iṣẹ́ kan tinú tòde, tí Yorùbá yóò sì sọ nípa rẹ̀ pé ó mọ̀ ọ́n bí ẹni mowó, wà lára àwọn ọ̀rọ̀ tí ó máa ń tú àṣírí ẹni tí ó kọ wọ́n, nítorí pé inú lẹ́tà ìwáṣẹ́ àti ìwé ìjẹ́rìí ni a ti sábà ń bá a pàdé, níbi tí òǹkàwé ti jókòó tí ó ń wá àṣìṣe kiri. Ẹni tí ó bá ṣi "bàtà" kọ, bàtà nìkan ni ó bàjẹ́. Ẹni tí ó bá ṣi ọ̀rọ̀ tí ó fi ń kéde pé òun mọ̀wé kọ, ìwé náà gan-an ni yóò jẹ́rìí takò ó. Àwọn ìbéèrè tí a dáhùn nísàlẹ̀ yìí jẹ́ ti àwọn òǹkàwé tí ọ̀ràn náà ti bá, a sì ti yọ orúkọ wọn kúrò kí àwọn ọmọ wọn lè máa bọ̀wọ̀ fún wọn lọ.

Ìbéèrè àkọ́kọ́ jẹ́ ti ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní Òṣogbo, ẹni tí ó kọ ọ́ sínú lẹ́tà ìwáṣẹ́ pé òun jẹ́ "well vast in computer", tí wọ́n sì pè é fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, níbi tí àwọn mẹ́ta tí ó jókòó sídìí tábìlì ti wo lẹ́tà, tí wọ́n wo òun náà láti orí dé ẹsẹ̀, tí wọ́n tún padà wo lẹ́tà, tí wọ́n sì bú sẹ́rìn-ín. Ó fẹ́ mọ ohun tí ó pa wọ́n lẹ́rìn-ín.

Ohun náà ni pé "vast" túmọ̀ sí gbalasa, ìyẹn ohun tí ó fẹ̀ débi pé ojú kò tó òpin rẹ̀, bí aṣálẹ̀ Sàhárà tàbí òkun Àtìláńtíìkì, ẹni tí wọ́n sì rí níwájú wọn kò fẹ̀ tó aṣálẹ̀. Bí a bá wá tú ìdí ọ̀rọ̀ náà wò, ọ̀ràn náà tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé inú Látìn, èdè àwọn ará Róòmù àtijọ́, ni Gẹ̀ẹ́sì ti rí i, "vastus" sì túmọ̀ sí ilẹ̀ tí ó ṣófo, tí ó dahoro, yàtọ̀ sí pé ó tún jẹ́ ohun tí ó fẹ̀. Òun náà ni baba ńlá "waste", èyí tí í ṣe ìfiṣòfò, àti ìbátan "devastate", èyí tí í ṣe kí á sọ ìlú dahoro. Ohun tí ọ̀dọ́mọkùnrin náà fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ, tí ó sì fọwọ́ sí nísàlẹ̀, ni pé ní ti kọ̀ǹpútà, ahoro tí ó fẹ̀ gidigidi ni òun. Ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ òótọ́, ṣùgbọ́n irú òótọ́ bẹ́ẹ̀ kọ́ ni a fi ń wáṣẹ́.

A kò gbọdọ̀ di gbogbo ẹ̀bi náà rù ú, nítorí etí ni ó tàn án. Bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé lẹ́tà "d" ni wọ́n fi parí "versed" nínú ìwé, "t" ni ẹnu ń pè níbẹ̀, nítorí náà kò sí ohun tí ó ya ọ̀rọ̀ náà sọ́tọ̀ kúrò lára "vast" àfi fáwẹ̀lì àárín, fáwẹ̀lì yìí gan-an ni Yorùbá kò sì ní. Nígbà tí kò sí nílé, ahọ́n a máa wá èyí tí ó bá sún mọ́ ọn: "nurse" di nọ́ọ̀sì, "shirt" di ṣẹ́ẹ̀tì, "term" ti ilé-ìwé di táàmù, orílẹ̀-èdè tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní "Germany" sì di Jámánì. Ọ̀nà tí Jámánì gbà ni "versed" náà bá lọ. Ní àfikún, Yorùbá kò fàyè gbà kí kọ́ńsónáǹtì méjì so mọ́ra, bẹ́ẹ̀ ni kò gbà kí kọ́ńsónáǹtì gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ sílébù tí ẹni tí ó bá fẹ́ ìjìnlẹ̀ rẹ̀ lè lọ wò nínú ìwé Ayọ̀ Bámgbóṣé, Fọnọ́lọ́jì àti Gírámà Yorùbá, tí ó jáde ní 1990; kò sì sí ìró "v" nínú èdè náà, èyí tí ó mú kí Victoria di Fitóríà, tí "video" sì di fídíò. Nígbà tí gbogbo òfin wọ̀nyí bá ṣe tiwọn tán, "first", "versed" àti "vast" yóò ti di fásì kan ṣoṣo lẹ́nu ọ̀pọ̀ ènìyàn, tí ó bá sì tó àkókò láti kọ ọ́ sílẹ̀, olúkúlùkù yóò mú èyí tí ó bá wù ú nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ọ̀nà àbáyọ méjì ni ó wà fún olùbéèrè yìí. Èkíní ni kí ó máa jẹ iyán lálaalẹ́ fún oṣù mẹ́fà gbáko, títí ara rẹ̀ yóò fi bá lẹ́tà rẹ̀ mu. Èkejì, tí owó rẹ̀ kéré, ni kí ó kọ "well versed in", kí ó sì fi "vast" sílẹ̀ fún ìmọ̀ àti ìrírí, nítorí pé "vast knowledge" àti "vast experience" tọ̀nà lọ́dọ̀ gbogbo onígírámà: ìmọ̀ ni ó ń fẹ̀, onímọ̀ kì í fẹ̀.

Ìbéèrè kejì wá láti ọ̀dọ̀ ìyá àgbà kan ní Ìjẹ̀bú-Òde, tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, tí wọ́n kọ lẹ́tà sí ọmọ wọn ní Lọ́ńdọ̀nù pé ọmọ àbúrò rẹ̀ jẹ́ "well versed with" iṣẹ́ iná mànàmáná, tí ọmọ náà sì ya fọ́tò lẹ́tà ọ̀hún, tí ó fi íńkì pupa fa ìlà sábẹ́ "with", tí ó fi ránṣẹ́ padà. Wọ́n ń béèrè bóyá ọmọ lè ṣe bẹ́ẹ̀ sí ìyá rẹ̀.

Ní ti ìwà, kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ní ti gírámà, ó ṣeni láàánú pé ọmọ náà jàre. Ọ̀rọ̀ atọ́kùn, ìyẹn ọ̀rọ̀ kékeré tí ó ń so ọ̀rọ̀ orúkọ mọ́ ohun tí a ń sọ, ni ìjà wà lé lórí, "in" sì ni "versed" fẹ́. Bí ìyá àgbà ṣe dé ìdí "with" kò ṣòro láti mọ̀: "conversant", tí òun náà ń sọ̀rọ̀ nípa ẹni tí ó mọ nǹkan dáadáa, "with" ni ó ń lò, ọmọ ìyá kan náà sì ni ọ̀rọ̀ méjèèjì. Látinú "versari" ti Látìn ni wọ́n ti wá, èyí tí í ṣe kí ènìyàn máa yí síhìn-ín yí sọ́hùn-ún nínú ohun kan títí ohun náà yóò fi mọ́ ọn lára, "vertere", tí í ṣe kí á yí nǹkan padà, sì ni gbòǹgbò rẹ̀. Gbòǹgbò yìí kan náà ni ó bí "verse" tí í ṣe ìlà ewì, nítorí pé ojú àgbẹ̀ tí ó túlẹ̀ dé òpin aporo kan, tí ó yí padà, tí ó sì bẹ̀rẹ̀ òmíràn, ni àwọn ará Róòmù fi wo ẹni tí ó ń kọ ewì. Àgbẹ̀ inú oko ni ẹni tí ó bá jẹ́ "versed", inú oko ni ó sì ń yí sí, nítorí náà "in". "Con" tí ó wà níwájú "conversant" ń sọ nípa ìbákẹ́gbẹ́, ẹlẹ́gbẹ́ ẹni ni a sì ń bá rìn, nítorí náà "with".

Yorùbá náà a máa wí pé ẹnì kan jinlẹ̀ nínú ìmọ̀ ìṣirò, tí "nínú" sì ń tọ́ni sọ́nà lọ sí "in" láìṣìnà. Àmọ́ kí ìyá àgbà má ṣe gbẹ́kẹ̀ lé "nínú" jù, nítorí yóò já wọn kulẹ̀ ní "good", tí Gẹ̀ẹ́sì ń so mọ́ "at", tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ wa sì ń so mọ́ "in" títí di òní. Ní ti ọmọ Lọ́ńdọ̀nù, ìmọ̀ràn tí ó yẹ ni kí ìyá àgbà kọ èsì fún un ní Yorùbá ògidì, kí wọ́n fi gbogbo àmì ohùn sí i, kí wọ́n da "ọkọ", "ọkọ́", "ọkọ̀" àti "ọ̀kọ̀" pọ̀ sínú gbólóhùn kan, kí wọ́n wá ní kí ó kà á sókè lórí fóònù nígbà tí gbogbo ẹbí bá péjọ. Íńkì pupa yóò gbẹ lójú ẹsẹ̀.

Akọ̀wé ẹgbẹ́ onílé kan ní Ìbàdàn béèrè nípa àmì ìsopọ̀, ìyẹn ìlà kékeré tí wọ́n ń fà sáàárín "well" àti "versed". Bí wọ́n ṣe ń da ẹran lọ ọjà ni ọ̀ràn yìí rí: nígbà tí ọ̀rọ̀ méjèèjì bá ń lọ níwájú ọ̀rọ̀ orúkọ tí ó ni wọ́n, à ń so wọ́n, bí i "a well-versed secretary", bí wọ́n bá ti wà lẹ́yìn rẹ̀, ọ̀pọ̀ olóòtú a máa tú wọn sílẹ̀, bí i "the secretary is well versed". Ohun tí akọ̀wé náà kò béèrè ni ó le jù, nítorí ó gbàgbé "d" nínú lẹ́tà tirẹ̀, ó kọ "well verse", "well" sì tún jẹ́ kànga ní Gẹ̀ẹ́sì, tí ó fi dà bí ẹni pé ewì kànga ni ó ń ké fún àwọn onílé.

Ìbéèrè tí ó gbẹ̀yìn ni ó gba àròjinlẹ̀ jù lọ. Ọkùnrin kan ní Ṣàgámù sọ pé ìyá ìyàwó òun ní kí òun kọ ìwé ìjẹ́rìí fún àbúrò ìyàwó òun, ọ̀dọ́kùnrin tí kì í kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì kí oòrùn tó kan àtàrí, kí òun sì kọ ọ́ pé ó jẹ́ "well versed in everything". Ó ń bẹ̀rù irọ́, ó sì ń bẹ̀rù àna rẹ̀, ẹ̀rù àna sì ni ó pọ̀ jù.

Ọkùnrin yìí kò ní irọ́ kankan láti pa. Kí ó kọ́kọ́ yọ "everything" kúrò, nítorí ọ̀gá ilé-iṣẹ́ tí ó bá rí ẹni tí ó mọ ohun gbogbo kò ní gbà á gbọ́. Lẹ́yìn náà, kí ó padà sí ìtumọ̀ tí Látìn fún ọ̀rọ̀ náà, ìyẹn ẹni tí ó ń yí síhìn-ín yí sọ́hùn-ún láìsinmi, kí ó sì bi ara rẹ̀ léèrè bóyá ẹnikẹ́ni wà ní gbogbo Ṣàgámù tí ó ń yí sọ́tùn-ún yí sósì láti òwúrọ̀ títí di ọ̀sán ju àbúrò ìyàwó rẹ̀ lọ. Kí ó kọ "He is well versed", láìsí àmì ìsopọ̀, pẹ̀lú "d" ní ìparí, kí ó fi àmì ìdánudúró sí i, kí ó sì fọwọ́ sí i pẹ̀lú ọkàn tí ó balẹ̀. Bí àna rẹ̀ bá tẹnu mọ́ ọn pé "in" kò gbọdọ̀ má wà níbẹ̀, kí ó wá ọ̀rọ̀ orúkọ èyíkéyìí fi tẹ̀ lé e, ṣùgbọ́n kí ó má ṣe dárúkọ bẹ́ẹ̀dì, nítorí pé irú ìmọ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì yóò kà sí i lọ́rùn nígbà náà kò sí lára ohun tí wọ́n tìtorí rẹ̀ ń gba òṣìṣẹ́.