Oríkì Katangówà, Ọba Ọ̀pọ̀

Katangówà, ọjà aṣọ òkìríkà, ọmọ Agége, mo kí ọ! Ọba Ọ̀pọ̀, a-bẹ̀rẹ̀-kí-a-tó-rí-ọ, ìwọ tí o tẹ́ rẹrẹ sí ẹ̀bá ọ̀nà márosẹ̀ tí ó ti Èkó lọ sí Abẹ́òkúta, tí o kò ní ààfin, tí o kò dé adé, ṣùgbọ́n tí adájọ́ àti alágbàṣe, ìyàwó ọ̀gá àti ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ̀, ń tẹ̀ ba níwájú rẹ lẹ́ẹ̀kan náà. Nítorí kò sí ẹni tí ó lè ṣa aṣọ nílẹ̀ rẹ láìtẹ ẹ̀yìn, bí ó ti wù kí ẹ̀yìn náà le tó níbi iṣẹ́ ìjọba. Àwọn ọba mìíràn a máa lo akọ́dà àti kóńdó kí ènìyàn tó bọ̀wọ̀ fún wọn. Ìwọ kàn da ẹ̀wù sílẹ̀ lórí tapólì ni, gbogbo ayé sì bẹ̀rẹ̀.

Bí a bá ń ki ẹni ńlá, ìran rẹ̀ ni a kọ́kọ́ ń pè, ìran tìrẹ kò sì ṣeé fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Ọmọ Òyìnbó tí ó sọ ẹ̀wù nù nígbà tí ẹ̀wù ṣì dára! Inú kọ́bọ́ọ̀dù Lọ́ńdọ̀nù àti Amẹ́ríkà ni a ti bí ọ. Àwọn ẹlẹ́yinjú àánú fi ọ́ tọrẹ, àwọn oníṣòwò sọ ọrẹ di ọjà, wọ́n fi ẹ̀rọ dì ọ́ ní ìdì ìdì, tí òmíràn wúwo tó kìlógíráàmù 55, wọ́n sì kó ọ sínú ọkọ̀ òkun. Àwọn ará Gánà ń pè ọ́ ní aṣọ òyìnbó tí ó ti kú. Àwa ń pè ọ́ ní òkìríkà, bọ́síkọ̀rọ̀, a-kò-mọ-ẹni-tí-ó-kọ́kọ́-wọ̀-ọ́. Ìjọba àpapọ̀ kọ orúkọ rẹ sínú ìwé àwọn ọjà tí kò gbọdọ̀ ti òkè òkun wọlé. Ṣùgbọ́n òfin dúró sójú títì, ìwọ gba inú igbó, nítorí ọ̀pọ̀ nínú ìran rẹ a máa gúnlẹ̀ sí Kútọnu kí wọ́n tó bá ọ̀nà ẹ̀bùrú kọjá ibodè. Ọmọ a-fàyàwọ́-wọ̀lú, tí ó wọlé tán tí ó ń na àyà bí onílé!

Jagunjagun sì ni ìwọ náà. Ta ni kò tíì rí ogun tí ń bẹ́ sílẹ̀ ní òwúrọ̀ tí a bá fẹ́ já okùn ìdì tuntun, nígbà tí àwọn tí ń rà fún títà ti yí i ká, nítorí pé ẹni tí ó kọ́kọ́ ṣà ni ó ń san owó gọbọi, ẹni tí ó sì ṣà kẹ́yìn ni ó ń ru èérún lọ sílé? Bí ọ̀bẹ ti kan okùn báyìí, òórùn kánfọ̀ a gba afẹ́fẹ́, ẹni méjì a di ẹ̀wù kan ṣoṣo mú, ẹ̀kẹta a sì fà á yọ níbi tí wọ́n ti ń bú ara wọn. Nígbà tí eruku bá rọlẹ̀, ọ̀gbẹ́ni kan tí ó wọ táì yóò mú ṣòkòtò kan. Kò sí yàrá tí yóò ti wọ̀ ọ́ wò, nítorí náà yóò fi ibi ìgbànú rẹ̀ yí ọrùn ara rẹ̀ ká, bí etí méjèèjì bá sì pàdé lẹ́yìn ọrùn, ó mọ̀ pé yóò bá ìdí òun mu. Yóò gbé e sí oòrùn, yóò wo àárín itan, yóò fa síìpù lọ fà á bọ̀, yóò wá bèèrè iye rẹ̀ pẹ̀lú ojú ẹni tí kò fẹ́ ẹ.

“Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta, ọ̀gá mi.”

“Gba ẹgbẹ̀rún kan.”

“Háà, ẹ̀gbọ́n! Ẹ̀yin ni ẹ máa là mí lọ́wọ́ láàárọ̀ yìí o. Kò tiẹ̀ tó owó tí mo rà á.”

Ọ̀gbẹ́ni a yí ẹ̀yìn padà, a máa rìn ní ìrìn ẹni tí ń retí ìpè, olójà a jẹ́ kí ó dé ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń wọ́lẹ̀, kí ó tó ké sí i pé, “Ẹ bọ̀, ẹ mú ẹgbẹ̀rún kan àti ààbọ̀ wá.” Báyìí ni àwọn méjèèjì ṣe ṣẹ́gun, tí kò sì sí ẹni tí a ṣẹ́: àrà tí ogun Kírìjì kò rí dá láti 1877 títí tí ó fi tú ká ní 1893.

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Wọn kò gbé ayé dé ojú rẹ ni, Katangówà! Ìwọ ni ó sọ òwe di irọ́, tí ọmọ ọdún méje ń ti ọ̀dọ̀ rẹ bọ̀ pẹ̀lú àkísà tí baba ńlá rẹ̀ kò kó jọ rí. Ìyá tí ó ti ilé wá ra ìbọ̀sẹ̀ ọmọ rẹ̀ ni o di ẹrù rù: kóòtù onírun tí a rán fún yìnyín, èyí tí yóò máa wọ̀ nínú oòrùn Erèlé, bàtà ẹsẹ̀ kan, ní ìrètí pé èkejì ń bẹ nínú ìdì tí ń bọ̀, fìlà tí a kọ orúkọ ilé-ìwé kan ní Texas sí. Ìbọ̀sẹ̀ nìkan ni kò rà. Ẹ sì gbọ́ bí ó ti ń ṣírò rẹ̀ fún ọkọ rẹ̀: “Bàbá Fẹ́mi, tó bá jẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù ńlá ni, ìlọ́po mẹ́wàá owó yìí la máa san!” Bí ó ti ń náwó ni ó ń jèrè; ká ní ó tún pẹ́ díẹ̀ sí i lọ́jà ni, ì bá ti di olówó. Ọlọ́ṣà gba owó, a ké olè lé e lórí. Ìwọ gba owó ọbẹ̀, o gba owó iná, ẹni tí o gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ ń dúpẹ́, ó sì ń júwe ọ̀nà fún aládùúgbò.

Aṣọ ni à ń kí kí a tó kí ènìyàn. Nítorí náà, ìwọ ni baba ìkíni. Ní ọjọ́ Ìsinmi, wo àwọn tí ó jókòó níwájú ṣọ́ọ̀ṣì: omi gbígbóná àti iyọ̀ ti pa òórùn kánfọ̀, áyọ́ọ̀nù ti na gbogbo ìhunjọ, bí o bá bèèrè ibi tí wọ́n ti rà á, wọn a ní àbúrò àwọn ni ó fi í ránṣẹ́ láti Lọ́ńdọ̀nù. Wọn kò kúkú purọ́ tán. Lọ́ńdọ̀nù ni ó ti wá lóòótọ́, àbúrò nìkan ni kò sí. O gbé wọn níyì, wọ́n sẹ́ ọ, o kò sì bínú, nítorí o mọ̀ pé bí Sátidé bá dé, wọn yóò fi fìlà bojú padà wá, wọn yóò sì forí gbá ti aládùúgbò wọn nídìí òkìtì kan náà.

Ẹni tí ó bá ki ọba kì í lọ lọ́wọ́ òfo. N kò tọrọ ẹṣin, n kò tọrọ ilẹ̀, kí Ọlọ́run sì má ṣe jẹ́ kí n tọrọ kóòtù onírun. Ẹyọ ẹ̀bùn kan ni mo ń fẹ́: bí mo bá tún ń gba iwájú rẹ kọjá, pàṣẹ fún àwọn ọmọ rẹ kí wọ́n má ṣe dín kọ́bọ̀ kù fún mi nínú ohunkóhun, kí n lè bá owó ọkọ̀ délé.